Ọ̀dà tó wà lábẹ́ pupa: bí a ṣe yan àwọ̀ fún bírò aláwọ̀ àlàárì kan

Àbúrò wa obìnrin kan níbí, ní Leeds, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Bàbá rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìbàdàn, fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 70 ọdún. Ẹbí ti mú àlàárì láṣọ. Ó wá fẹ́ kí bàbá ní bírò kan tí àwọ̀ rẹ̀ bá aṣọ náà mu, kí wọ́n fi sí àpò agbádá lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì máa fi kọ̀wé lẹ́yìn òde.

Èmi kọ́ ló kọ́kọ́ gbé e fún. Ó ti ra ọ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń fọwọ́ ṣe bírò tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì mú un dání wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó," ló wí. "Pupa ni mo sọ fún wọn. Kí wá ni gbogbo yẹ́lò tó ń yọjú yìí?"

Mo gbé e sójú fèrèsé, mo sì rí i pé òótọ́ ló sọ. Láàárín, níbi tí ara bírò náà ti yọ díẹ̀, pupa rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tín-ín-rín lọ sí etí ni àwọ̀ ń ṣá, tó fi jẹ́ pé nígbà tó bá fi máa dé ẹ̀gbẹ́ irin ẹnu rẹ̀, idẹ ni ojú ń rí. Àmì funfun kéékèèké tún wà káàkiri. Àbúrò wa ti fi èékánná ha wọ́n títí, wọn ò lọ, torí pé inú lọ́hùn-ún ni wọ́n wà.

Kí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí lè bá mi lọ, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. Ègé pílásítíìkì onígun mẹ́rin la fi ń bẹ̀rẹ̀. Fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bí 19 mm, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 127 mm. Blank là ń pè é. A ó gé e sí méjì, a ó fi dírìlì lu àárín rẹ̀ já, a ó lẹ túùbù idẹ mọ́ inú ihò náà, a ó wá gbé e sórí ẹ̀rọ léètì, a ó máa fi irin mímú fá a bó ṣe ń yí, títí yóò fi rí róbótó tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Túùbù idẹ yẹn ló ń gba gbogbo irin bírò dúró, kò sí bí a ṣe lè yọ ọ́ sílẹ̀. Irú èyí tí bàbá fẹ́ràn, tí wọ́n ń pè ní Slimline, túùbù 7 mm ló ń lò. Bí a bá fá a tán, etí rẹ̀ kì í ju nǹkan bí 8.4 mm lọ. Ẹ yọ 7 kúrò nínú 8.4, kí ẹ pín ìyókù sí méjì fún ẹ̀gbẹ́ kan àti èkejì: pílásítíìkì tó bo idẹ náà létí kò tó 1 mm rárá. Láàárín, èèyàn lè fi í sílẹ̀ ní 10 mm, níbẹ̀ pílásítíìkì nípọn ní ìlọ́po méjì ti etí.

Bó bá jẹ́ igi ni, tàbí pílásítíìkì tí ìmọ́lẹ̀ kì í là kọjá, gbogbo ìṣirò yìí ò kan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n irú èyí tí àbúrò wa yàn, tí ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ́ gaara, ohun yòówù tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa fi han ayé. Ẹni tó ṣe ti àkọ́kọ́ fi idẹ sílẹ̀ níhòòhò. Àmì funfun yẹn sì ni ibi tí gúlúù ti hó tàbí tí kò dé rárá. Ó dá mi lójú pé gúlúù tó máa ń ru sókè bó bá ti ń gbẹ ló lò, torí pé ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ rẹ̀ hàn kedere lábẹ́ awò.

Nítorí náà, a gbọ́dọ̀ kun inú rẹ̀. Ọ̀dà wo ni ká wá lò? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Funfun ni àbúrò wa fẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń ṣe èékánná fáwọn obìnrin, ọ̀rẹ́ yìí sì ti là á yé e pé funfun làwọn máa ń kọ́kọ́ fi sábẹ́ kí àwọ̀ òkè tó lè tàn. Kò parọ́. Bàbá òyìnbó kan tó ti pẹ́ nídìí léètì jù mí lọ, tí mo máa ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ wọn, sọ ní tiwọn pé dúdú ni, pé kò sí pupa tó ń níyì tí dúdú kò sí lábẹ́ rẹ̀. Èmi ò gba ti ẹnì kankan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni n kò sì jiyàn. Mo ní kí àbúrò wa lọ mú ègé aṣọ náà wá.

Àlàárì méjì kì í sábà pupa bákan náà. Láyé àtijọ́, òwú sílíìkì tí àwọn oníṣòwò kó la aṣálẹ̀ Sahara kọjá ni wọ́n fi ń hun ún. Èyí tó ń jáde ní Ìsẹ́yìn lóde òní, òwú iléeṣẹ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, oníkálukú ahunṣọ ló sì mọ ibi tó ti ra tirẹ̀. Ègé tó ṣẹ́kù lára fìlà bàbá ló kó wá fún mi. Mo tẹ́ ẹ sí ojú tábìlì. Pupa rẹ̀ kì í ṣe pupa fòò. Ó ti fẹ́ dúdú, ó sì ní àlùkò díẹ̀ nínú, àgàgà níbi tí òwú ti ṣẹ́po. Wíwò tí mo wò ó lásán ti jẹ́ kí n mọ̀ pé idẹ ò lè gbé wa débẹ̀ láéláé, torí pé yẹ́lò ni idẹ máa ń bù sí pupa, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ yìí ń lọ sí apá kejì.

Ohun tó máa ń dààmú àwọn èèyàn nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni pé wọ́n rò pé àwọ̀ ara pílásítíìkì nìkan ni ojú ń rí. Ìmọ́lẹ̀ kì í dúró lójú bírò. Ó ń wọlé, ó ń la pupa kọjá, ó ń bá ohun tó wà nísàlẹ̀ pàdé, ó sì ń gba inú pupa kan náà jáde. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń san owó ibodè. Bó bá ti ń kọjá ni pupa ń gba àwọn àwọ̀ yòókù lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí pílásítíìkì bá nípọn, ó ń gbà púpọ̀. Níbi tó bá fẹ́lẹ́, díẹ̀ ló ń rí gbà. Funfun kì í gba nǹkan kan ní tirẹ̀, gbogbo ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń dá padà, nítorí náà òun ló ń jẹ́ kí ìyàtọ̀ àárín ibi tó nípọn àti ibi tó fẹ́lẹ́ hàn jù lọ. Lórí èékánná, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan, nítorí pé bákan náà ni ọ̀dà ṣe nípọn láti ìdí èékánná dé orí rẹ̀. Bírò ní etí, ó ní àárín.

Ṣùgbọ́n àlàyé ò tó fún ẹni tó fẹ́ náwó. Mo gé ègé kékeré kan lára blank náà, mo fi bíìtì dírìlì tó ju 7 mm lọ díẹ̀ lu ún, mo fá a dé ìwọ̀n gan-an tí bírò yóò ní, etí rẹ̀ 8.4, àárín rẹ̀ 10, mo sì dán an. Èyí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò. Wọ́n á gbé ọ̀dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ odidi blank tó fẹ̀ tó 19 mm, wọ́n á ní "èyí bá a mu." Àwọ̀ tí blank ní nígbà yẹn kì í ṣe èyí tó máa ní tó bá ku awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn lára idẹ.

Ohun kejì tó máa ń tan ojú jẹ ni ihò fúnra rẹ̀. Bí dírìlì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ara ihò máa ń ṣú bàìbàì, nítorí ìlà wẹ́wẹ́ tí bíìtì fi síbẹ̀. Ohunkóhun téèyàn bá kì bọ ibẹ̀ á dà bí èyí tó wà lẹ́yìn kùrukùru. Ẹ kán omi sí i. Lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á mọ́, tí ẹ ó sì rí i bó ṣe máa rí nígbà tí ọ̀dà tàbí gúlúù bá ti dí àwọn ìlà yẹn. Mo kun àwọn túùbù idẹ tí mo ní sílẹ̀, ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan àwọ̀ fàdákà, ọ̀kan wúrà, ọ̀kan pupa, mo fi ọ̀kan sílẹ̀ láìkùn, mo jẹ́ kí gbogbo wọn gbẹ dáadáa, a wá ń tì wọ́n bọ inú ègé náà níkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú omi. Àbúrò wa ló ń tì wọ́n bọ̀ ọ́. Èmi ń di aṣọ mú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Funfun tàn lóòótọ́. Àárín rẹ̀ pupa yòò, ṣùgbọ́n etí méjèèjì di sóbò tí wọ́n bu omi lù. Àbúrò wa wò ó, kò sọ̀rọ̀, ó fa túùbù náà yọ. Dúdú níyì, bàbá òyìnbó ò tàn wá, ṣùgbọ́n létí kò sí pupa kankan mọ́, dúdú kirikiri ni. Àárín nìkan ni pupa ti ń yọ tín-ín-tín nígbà tí a bá gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Nínú yàrá, ẹnikẹ́ni tó bá rí i lọ́wọ́ bàbá á pè é ní bírò dúdú. Fàdákà jọ funfun, àmọ́ ó tutù, ó sì ń dán bíi bébà ṣingọ́ọ̀mù. (Èmi ò fẹ́ràn fàdákà lábẹ́ pupa rí, ẹlòmíràn lè fẹ́ràn rẹ̀.)

Wúrà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọkàn àbúrò wa lọ. Ó gbé e síta, oòrùn díẹ̀ tí Leeds ní lọ́jọ́ náà bọ́ sí i lára, ó kígbe. N kò lè bá a wí, ó dùn-ún wò. Mo kàn gbé ègé fìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wúrà ń fa pupa lọ sí ọ̀nà yẹ́lò gẹ́lẹ́ bí idẹ ṣe ń fà á, ó kàn fi dídán kún un ni. Bó bá jẹ́ pé bírò lásán ló fẹ́, tí kò sí aṣọ tó gbọ́dọ̀ bá mu, wúrà ni ǹ bá sọ pé kó mú.

Pupa ni kò dùn-ún wò lórí tábìlì. Túùbù tí a kun ní pupa, a wò ó, ó dà bí ìṣeré ọmọdé. Ṣùgbọ́n bó ti wọ inú ègé náà tán, etí àti àárín di ọ̀kan. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀dà pupa ti gba ohun tí pílásítíìkì fẹ́ gbà kí ìmọ́lẹ̀ tó padà jáde, nítorí náà, bóyá pílásítíìkì nípọn o, bóyá ó fẹ́lẹ́ o, ìyàtọ̀ tó kù fún un láti ṣe kò tó nǹkan. Kò sí yẹ́lò, kò sí ibi tó ṣá. Ó ku kí pupa náà di pupa aṣọ.

Ó yá mi lára láti bu dúdú sí i kó lè jinlẹ̀, torí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nìyẹn. Dúdú inú ọ̀dà pupa máa ń gbé e lọ sí àwọ̀ ilẹ̀ ni. Aṣọ wa kò sì ní àwọ̀ ilẹ̀ nínú. Àlùkò ni mo bù sí i, ìwọ̀nba tí orí igi ìtayín lè gbé, mo pò ó, mo tún bù. Ọ̀dà olómi tí a lò yìí máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ sí i tó bá gbẹ, nítorí náà kò sí èyí tí a ṣèdájọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. A sì jẹ́ kí ọ̀dà náà mọ́lẹ̀ ju aṣọ lọ díẹ̀, torí pílásítíìkì á ṣì gun orí rẹ̀, á sì fa àwọ̀ rẹ̀ wálẹ̀. Ẹni tó bá po ọ̀dà kó bá aṣọ mu régé lórí tábìlì, bírò tó ṣókùnkùn ju aṣọ lọ ló máa gbé jáde.

Ìmọ́lẹ̀ tí a fi ń wò ó náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Gílóòbù ilé mi jẹ́ irú èyí tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n, ó sì máa ń gbé pupa ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tó ṣú, tí a ní lọ́pọ̀ ìgbà níbí, máa ń pa pupa kú. Bírò yìí ò sì ní dúró ní Leeds. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ní Ìbàdàn ni bàbá ti ń kọ̀wé, abẹ́ oòrùn gangan ni òde máa wà. Mo dúró de ọjọ́ tí oòrùn yọ dáadáa kí n tó sọ pé ọ̀dà yìí la máa lò.

Níbo wá ni ká kun ún sí, ara túùbù ni àbí ara ihò? Bó bá jẹ́ túùbù nìkan, gúlúù á wà láàárín ọ̀dà àti pílásítíìkì, ibi tí gúlúù kò bá dé á hàn síta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bírò àkọ́kọ́ nìyẹn, idẹ rẹ̀ níhòòhò tún wá bu iyọ̀ sí i. Bí a bá kun ara ihò, ẹ̀yìn ọ̀dà ni gúlúù máa wà, kódà bó bá ní àbùkù, ta ló máa rí i? Mo kun ihò, mo tún kun túùbù ní ọ̀dà kan náà, nítorí bí ọ̀dà ihò bá bó níbì kan nígbà tí túùbù ń wọlé, pupa náà ni yóò ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo fi tépù dí ìsàlẹ̀ ihò, mo da ọ̀dà tí mo ti fi omi là díẹ̀ sínú rẹ̀, mo yí blank yípo kó lè dé ibi gbogbo, mo sì ṣí tépù kí àṣẹ́kù ṣàn jáde. Èyí dára ju òwú ìfọtí lọ, torí òwú máa ń fi fọ́nrán sílẹ̀, fọ́nrán náà á sì hàn. Mo gbé e nàró, lẹ́yìn náà mo dorí rẹ̀ kodò kí ọ̀dà má bàa kó jọ sí ìsàlẹ̀ kan. Afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú ihò tóóró yẹn, ojú á rò pé ọ̀dà ti gbẹ nígbà tó ṣì tutù. Bí a bá lẹ túùbù pa á mọ́lẹ̀ báyẹn, ooru nígbà tí a bá ń dán bírò á gbé ọ̀dà kúrò lára pílásítíìkì. N kò kánjú rárá níbẹ̀. Ọ̀dà olómi náà ni mo sì yàn nítorí pé oògùn tí wọ́n fi ń la àwọn ọ̀dà fífọ́n kan máa ń jẹ pílásítíìkì.

Gúlúù Araldite, irú èyí tó ń pẹ́ gbẹ, ni mo fi lẹ̀ ẹ́. Súpà gúlúù lè gbẹ kí túùbù tó dé ibi tó yẹ, nínú ihò tí a ti kùn, kò sí àyè fún fífà á síwásẹ́yìn. Mo fi sáńpépà ha ara túùbù kí n tó kùn ún, kí ọ̀dà lè rí nǹkan dì mú.

Fífá rẹ̀ kò ní ìtàn. Irin tó mú, ọwọ́ tó fúyẹ́, lẹ́yìn náà sáńpépà inú omi, láti orí 400 tó le títí dé Micro-Mesh 12000 tó kúnná gan-an. Ibi tó gba ìfarabalẹ̀ ni ẹnu túùbù, níbi tí a ti ń gé pílásítíìkì kó bá idẹ dọ́gba. Bí irin ìgé bá kú, ó máa bó ọ̀dà ẹnu ihò, ìlà funfun kan á sì yí etí bírò ká. Irin aláwọ̀ wúrà la fi parí rẹ̀, ibẹ̀ ni àbúrò wa ti rí wúrà rẹ̀ gbà.

Nígbà tó dé láti wá gbé e, alẹ́ ti lẹ́. Ó gbé bírò sórí ègé fìlà lábẹ́ gílóòbù, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó pupa ju aṣọ lọ o." Mo ní kó gbé e lọ sílé, kó wò ó lójú ọ̀sán. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ojú fèrèsé ló ti yà á. Kò kọ ọ̀rọ̀ sí i, ó kàn fi ọwọ́ tó ń pàtẹ́wọ́ sí i. Ọ̀dọ̀ bàbá ni ọ̀rọ̀ ti wá: wọ́n ní bírò náà dára, pé ṣé wọ́n máa rí íǹkì rẹ̀ rà ní Dùgbẹ̀. Mo fi íǹkì mélòó kan ránṣẹ́ sí wọn.

Bàbá òyìnbó wo àwọn túùbù wa lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn ṣì dúró lórí dúdú. Mo bá wọn gbà níbi kan: blank tí wọ́n po ìyẹ̀fun dídán mọ́, tí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà láti inú ara rẹ̀, dúdú ló máa jẹ́ kí ìyẹ̀fun yẹn hàn, pupa tàbí funfun á bò ó mọ́lẹ̀. Tiwa ò ní ìyẹ̀fun. Funfun náà ní ọjọ́ tirẹ̀, fún bírò tó nípọn bákan náà láti orí dé ìdí, tí ẹni tó ni ín sì fẹ́ kó tàn.

Ní báyìí, ìyá rẹ̀ ti ní àwọn náà fẹ́ tiwọn, ti ẹtù. Àbúrò wa ti ń wo blank búlúù kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ní kó fi owó rẹ̀ sápò, kó kọ́kọ́ gba ègé gèlè lọ́wọ́ màmá.